Ìwé Oorun Tí Mo Dà Kọ

Aago méjì ọ̀sán ti fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá kọjá lọ́jọ́ náà, òjò wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ sì ń kán sórí páànù bí ẹni ń da iyanrìn sí i. Ọmọ mọ́kànlá ló sùn lọ bẹẹrẹ nínú yàrá. Ìyá Jẹ́jẹ́, tí wọ́n ni ilé ìtọ́jú ọmọ náà, ti jáde lọ ra ọṣẹ. Èmi nìkan ni ojú mi là sílẹ̀. Mo jókòó sórí àpótí lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo gbé ìwé Ìyá Jẹ́jẹ́ lé orúnkún kan, mo gbé tèmi lé èkejì, mo sì ń da tiwọn kọ sínú tèmi.

Olè máa ń yára. Èmi kò yára. Ara mi ni mò ń bá rojọ́. "Ìdajì ohun tó wà níbẹ̀, ìwọ lo wá a rí," ni mò ń wí. "Ohun tí ènìyàn fúnra rẹ̀ bá wá rí, ṣé ó tún lè jí i?"

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́ kí ẹ tó dá mi lẹ́bi. Tí mo bá sọ ọ́ tán, kí ẹ wá dá mi lẹ́bi. N kò ní jiyàn.

Lébìrà ni mí. Ìwé mẹ́rin péré ni mo kà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kí n tó fi í sílẹ̀, láti ìgbà náà, èjìká mi ni mo fi ń jẹun. Ọdún mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ òjò yẹn ni bíríkìlà kan mú mi lọ po sìmẹ́ńtì ní ilé ìtọ́jú ọmọ yìí, nítorí ògiri ibẹ̀ ti là. Bí mo ṣe ń po ó lọ́wọ́, ọmọkùnrin kan ń ké nínú ilé. Ó ké, ó ké, bíríkìlà fi ọwọ́ di etí. Mo fọ ọwọ́ mi, mo wọlé, mo gbé e lé èjìká. Kò mí kanlẹ̀ nígbà mẹ́ta tó fi sùn lọ.

Ìyá Jẹ́jẹ́ wò mí láti òkè délẹ̀. "Ìwọ ọkùnrin yìí, kí lo fi sí èjìká?"

"Sìmẹ́ńtì ni, mà."

"Áà, ìyẹn ló mú un dì." Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Tí bíríkìlà bá parí ògiri, ìwọ má lọ o."

N kò lọ. Ta ni mo fẹ́ lọ bá? Ìyàwó mi ti kó lọ láti ọjọ́ tó ti pẹ́, ó mú ọmọbìnrin wa kan ṣoṣo dání. Yàrá tí mò ń gbé, ibùsùn kan ló wà níbẹ̀, sítóòfù kan, àti àga kan tí ìdí ẹlòmíràn kò kàn rí. Bí mo bá ti kí onílé ní àárọ̀ Sátidé, ó ṣeé ṣe kí ẹnu mi má là mọ́ títí di àárọ̀ Mọ́ńdè.

Ní ilé ìtọ́jú ọmọ, èmi ni mò ń pọn omi láti ibi ẹ̀rọ omi tó wà ní òpin òpópónà, èmi ni mò ń fọ ilẹ̀, èmi ni mò ń nu àga wẹ́wẹ́. Ṣùgbọ́n bí aago kan ọ̀sán bá ti lù, mo di ọba. Èmi ni mò ń mú àwọn ọmọ sùn. "Bàbá Oorun" ni wọ́n ń pè mí. Ọmọ ọdún méjì tí kò tíì lè pe orúkọ ara rẹ̀, á nawọ́ sí mi, á ní, "Oorun."

Ìyá Jẹ́jẹ́ ní ìwé kan, wọ́n fi aṣọ bo ẹ̀yìn rẹ̀. Ojú ewé kan fún ọmọ kan. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àìsàn ló wà níbẹ̀, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ oúnjẹ. Bí ọmọ kọ̀ọ̀kan ṣe ń sùn ni. "Oorun ọmọ dà bí kọ́kọ́rọ́ ilé," wọn a máa wí, "ti ilé yìí kò lè ṣí ti tọ̀hún. Jẹ́jẹ́ la fi ń wá a." Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń sọ sí gbogbo nǹkan, títí kan ilẹ̀kùn tó bá há.

Orúkọ àwàdà ni wọ́n fún ọmọ kọ̀ọ̀kan nínú ìwé náà. Ojú ewé Ọ̀gá Ẹkún sọ pé: "Má bẹ̀ ẹ́. Jẹ́ kó ké tẹ́rùn, kó o wá bi í pé, ṣé ó tó? Á ní ó tó. Á sùn." Ti Agbẹjọ́rò, ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́rin tó ń bá tilé toko rojọ́, kò ju ìlà kan lọ: "Jẹ́ kó sọ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn." Ti Kò-sùn-bọ̀rọ̀ ni: "Aṣọ ìyá rẹ̀ aláwọ̀ ewé. Kì í ṣe láti bò ó o. Abẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni."

Èmi ni mo wá ti Ọ̀gá Ẹkún rí. Èmi ni mo wá ti Agbẹjọ́rò náà rí. Ní ìrọ̀lẹ́, màá sọ ọ́ fún Ìyá Jẹ́jẹ́, wọ́n á ní, "O ṣé o, ọkùnrin yìí," wọ́n á sì kọ ọ́ sílẹ̀. Inú mi máa ń dùn.

Ohun tó kọ́kọ́ ba ọ̀rọ̀ jẹ́ nìyí. Lọ́jọ́ kan, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba méjì wá wo ilé náà, pẹ̀lú bírò àti ìwé lọ́wọ́. Ọmọ kan ń sùn lé mi léjìká ọ̀tún, òmíràn wà ní tòsì. Obìnrin inú wọn fi bírò tọ́ka sí mi. "Bàbá yìí ńkọ́? Kí ni iṣẹ́ wọn?"

Ìyá Jẹ́jẹ́ kò tilẹ̀ wo ojú mi. "Ẹni tó ń bá wa pọn omi ni."

Ẹni tó ń bá wa pọn omi. Ọmọ méjì lórí èjìká mi.

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára bí ẹ̀gún tí a kò rí orí rẹ̀ yọ. Mo gbé e délé, mo gbé e sùn, mo gbé e jí. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Tèmi kò dákẹ́ o, inú ló ti ń pariwo.

Kò pé oṣù kan sí i, mo ń dúró de omi níbi ẹ̀rọ, obìnrin kan yà bá mi. Bàtà rẹ̀ mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tó fi ń yẹra fún ẹrẹ̀ bí ológbò.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé ẹ̀yin ni wọ́n ń pè ní Bàbá Oorun?"

"Àwọn ọmọdé ni, mà."

"Àwọn ìyá ọmọ náà ń pè yín bẹ́ẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ṣí ilé ìtọ́jú ọmọ ní òpópónà kejì, ilé alájà yẹn. Ìgbà wo lẹ máa wá bá mi ṣiṣẹ́?"

Mo rò pé ó ń ṣe yẹ̀yẹ́. Mo fi garawa hàn án. "Omi ni mò ń pọn."

"Lọ́dọ̀ mi, ẹ kò ní fọwọ́ kan garawa. Aṣọ iṣẹ́ la máa rán fún yín, a ó kọ 'Olùtọ́jú Àgbà' sí i láyà."

Ẹ wò ó, ọmọdé ni màdáámù yìí jẹ́ sí mi, ọ̀gá sì ni, ṣùgbọ́n "ẹ" ló ń pè mí. Ó tún ń wo ojú mi bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Omi kún garawa, ó ń ṣàn dànù sí mi lẹ́sẹ̀, n kò mọ̀.

"Ìwé ẹ̀rí ńkọ́?" ni mo bi í. "Mi ò ní."

"Ohun tẹ́ ẹ mọ̀ ni ìwé ẹ̀rí yín. Nǹkan kan ṣoṣo ni mo fẹ́: ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún mi, kí àwọn obìnrin tó ń bá mi ṣiṣẹ́ lè máa rí i kà. Mo fún yín ní ọ̀sẹ̀ kan."

Mo ra ìwé, mo ra bírò. Mo jókòó sórí àga mi kan ṣoṣo. Mo kọ "Gbé ọmọ." Mo wò ó títí. Lẹ́yìn èyí ńkọ́? Ọwọ́ mi ló mọ̀ ọ́n, ọwọ́ mi kò sì mọ̀ ọ́n sọ.

Ibẹ̀ ni ọkàn mi ti lọ sí ìwé Ìyá Jẹ́jẹ́.

Ọ̀sán mẹ́ta ni mo fi dà á kọ. Bí ẹni ń to búlọ́ọ̀kù ni mo ṣe ń to lẹ́tà. Ẹni tó ń to búlọ́ọ̀kù kì í bi í pé ta ló ṣe ọ́. Ojú ewé tó wà níwájú pátápátá ti gbó, eteetí rẹ̀ ti dúdú fún ìka ọwọ́. Ohun tó wà níbẹ̀ ni: "Ọ̀rẹ́ Mi. Di ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ mú. Má tẹ̀ ẹ́, má ra á. Ṣáà dì í mú. Bí o bá fi sílẹ̀ kó tó sùn, á jí."

N kò mọ ọmọ kankan tó ń jẹ́ Ọ̀rẹ́ Mi. Mo ní bóyá ó ti lọ kí n tó dé. Mo dà á kọ.

Ní ọjọ́ kejì, mo gbọ́ ohùn láti orí ẹní.

"Bàbá Oorun, kí lẹ̀ ń kọ?"

Agbẹjọ́rò ni. Ojú kan ló là, ó ṣì di èkejì.

"Iṣẹ́ ilé ìwé ni."

"Ẹ ti dàgbà ju ilé ìwé lọ."

"Sùn jàre."

"Ẹ ò tíì jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn."

"Ó yá, sọ ọ́."

Ó rò ó. "Ìwé Ìyá Jẹ́jẹ́ nìyẹn." Ó kọ ojú sí ògiri, ó sì sùn lọ.

Bírò bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo wò ó pé bóyá ó máa tún jí. Kò jí. Mo mú bírò mi, mo ń bá a lọ.

Ọjọ́ tí mo máa lọ, mo sọ fún Ìyá Jẹ́jẹ́ pé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń ṣàìsàn ní ìlú mìíràn. N kò ní ẹ̀gbọ́n obìnrin. N kò ní ẹ̀gbọ́n kankan.

"Áà. Ta ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀?"

"Kò sí ẹnikẹ́ni, mà. Òun nìkan ni."

"Kò dáa kí ènìyàn dá nìkan ṣàìsàn." Wọ́n wọ yàrá lọ, wọ́n gbé aṣọ ìbora kan jáde, èyí tó nípọn. "Gbé e fún un. Wàá padà ṣá?"

"Màá padà, mà."

Mo gbé aṣọ ìbora náà lọ sí yàrá mi. N kò lè fi bora, n kò sì lè jù ú nù. Mo ká a sórí àga. Báyìí ni àga náà ṣe rí ẹni jókòó sí i.

Ilé màdáámù mọ́lẹ̀ rekete. Wọ́n kun ògiri ní àwọ̀ mẹ́ta. Ó rán aṣọ iṣẹ́ fún mi lóòótọ́, Olùtọ́jú Àgbà wà ní àyà. Ó ka ìwé tí mo dà kọ, ó pàtẹ́wọ́. Ojú ewé Ọ̀rẹ́ Mi ló fẹ́ràn jù. "Bàbá, èyí pa mí lẹ́kún o!" Ó ní kí wọ́n kọ ohun tó wà níbẹ̀ gàdàgbà sórí páálí, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri àbáwọlé, kí ti àwọn ọmọ tó kù sì tò sí abẹ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló fa àga sún mọ́ mi. "Ọ̀gá Ẹkún yìí, ta ni ìyá ẹ̀?"

Mo ń tún bọ́tìnì aṣọ iṣẹ́ mi ṣe.

"Bàbá, a kì í ta iṣu ká fi èèpo pamọ́. Ta ni ìyá ẹ̀?"

"Ó ń ránṣọ. Ní ìkóríta."

"Kò-sùn-bọ̀rọ̀ ńkọ́?"

Mo sọ ọ́. Mo sọ gbogbo wọn.

Màdáámù lọ bá àwọn ìyá náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò pé oṣù kan, ọmọ méje ti bá mi dé ibẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ tó burú jù: inú mi dùn. Bí mo ṣe rí Ọ̀gá Ẹkún lẹ́nu ọ̀nà, bí ẹni pé ilé mi ni àlejò dé. Ṣùgbọ́n wọn kò fi wọ́n sí ọ̀dọ̀ mi. Màdáámù pín wọn sí yàrá mẹ́rin, ó ní èmi ti ju ẹni tó ń gbé ọmọ lọ, iṣẹ́ mi ni láti dúró sí àbáwọlé pẹ̀lú aṣọ mi, kí àwọn òbí lè rí mi. Àwọn obìnrin ibẹ̀ ń jẹun pọ̀, wọ́n ń sọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń dá dúró tí mo bá ti wọlé. Mo ń gbọ́ ẹkún láti òkè, mo mọ ọmọ tó ni ín, mo mọ ohun tí mo lè ṣe sí i. Mo dúró sí àbáwọlé.

Ní ọjọ́ Àìkú kan, mo rí Ìyá Jẹ́jẹ́ lójú títì. Garawa omi wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n ń gbé e ní ìgbésẹ̀ mẹ́ta, wọ́n ń gbé e sílẹ̀. Mo fẹ́ yà, wọ́n ti rí mi.

"Ìwọ nìyí! Ara ẹ̀gbọ́n rẹ ńkọ́?"

"Ó ń dáa bọ̀, mà."

"Ọpẹ́ ni." Wọ́n fi ọwọ́ nu iwájú orí. "Ọmọ mẹ́rin ló kù sí mi lọ́wọ́. N kò mọ ohun tí mo ṣe. Ó jọ pé mo ti ń darúgbó, àbí? Bóyá nǹkan kan wà tí mò ń gbàgbé láti ṣe fún wọn."

"Rárá o, mà. Ẹ ò gbàgbé nǹkan kan."

"Tó o bá ráyè, bá mi bi ìyá tó ń ránṣọ yẹn. Ó máa ń gbọ́rọ̀ sí ọ lẹ́nu. Jẹ́jẹ́ ni kó o bi í o, má bá a jà."

"Màá bi í, mà."

Mo gba garawa lọ́wọ́ wọn, mo gbé e dé ẹnu ọ̀nà wọn. Wọ́n ní kí n wọlé kí àwọn ọmọ rí mi. Mo ní ọkọ̀ ń dúró dè mí. Ọkọ̀ wo?

Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e ni àṣírí tú. Àárọ̀ ọjọ́ náà ni ìyá Kò-sùn-bọ̀rọ̀ mú òun náà wá. Ó ń kánjú lọ síbi iṣẹ́, ó gbàgbé aṣọ aláwọ̀ ewé sí ọ̀dọ̀ Ìyá Jẹ́jẹ́ nígbà tó yà sọ ibi tó ń gbé ọmọ lọ fún wọn. Nígbà tí aago kan fi máa lù, ọmọ náà ti ké débi tí ohùn rẹ̀ há. Wọ́n di ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ mú gẹ́gẹ́ bí páálí ṣe wí. Ó fi tọ̀tún gbá ẹni tó dì í mú nípàá.

Màdáámù wà ní àbáwọlé pẹ̀lú ìyá mẹ́ta tó wá wo ilé. "Ẹ gbé e wá fún Bàbá," ló pariwo. "Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ wá wò ó o!"

Wọ́n gbé e lé mi léjìká. Ó mọ̀ mí, ó rọra fi orí lélẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń wá aṣọ kiri lọ́rùn mi. Kò rí i. Ó tún bú sẹ́kún.

Ìgbà náà ni ilẹ̀kùn ṣí, jẹ́jẹ́.

Ìyá Jẹ́jẹ́ ni. Wọ́n ti fi ẹsẹ̀ rìn wá nínú oòrùn, òógùn ti mú aṣọ lẹ̀ mọ́ wọn lẹ́yìn. Aṣọ aláwọ̀ ewé wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n ká a dáadáa. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, ọmọ kan wà níbí tí kò ní lè sùn láìsí…"

Wọ́n rí mi.

Wọ́n wo ojú mi. Wọ́n wo àyà mi, ètè wọn ń mì díẹ̀díẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ka ohun tó wà níbẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n sọ.

"Ẹ̀gbọ́n rẹ ńkọ́?"

Màdáámù ló dáhùn, kò sì mọ ohun tó ń dáhùn. "Áà, Màmá, ẹ mọ olùtọ́jú àgbà wa ni? Àwọn ló kọ gbogbo èyí o!" Ó fi ọwọ́ ká ògiri.

Ojú Ìyá Jẹ́jẹ́ kò ríran jìnnà mọ́. Wọ́n sún mọ́ ògiri, wọ́n fi ìka tẹ̀ lé e láti ìsàlẹ̀. Kò-sùn-bọ̀rọ̀. Agbẹjọ́rò. Ọ̀gá Ẹkún. Mo ní, ó kù díẹ̀ kí wọ́n pariwo mọ́ mi. Mo ń gbàdúrà kí wọ́n pariwo.

Ìka wọn dé òkè. Ó dúró.

"Ta ni Ọ̀rẹ́ Mi?" Màdáámù ni wọ́n bi, pẹ̀lú ohùn tí wọ́n fi ń bi ọmọdé léèrè.

"Ọ̀kan lára àwọn ọmọ tí Bàbá ti tọ́ ni. Ó máa ti dàgbà báyìí. Àbí, Bàbá?"

Gbogbo wọn wò mí.

"Kò dàgbà," ni Ìyá Jẹ́jẹ́ wí. "Ọmọ mi ni. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni. Ẹsẹ̀ òsì yẹn ló wà lọ́wọ́ mi títí ó fi tutù."

Kò-sùn-bọ̀rọ̀ ṣì ń ké.

Wọ́n yí padà, wọ́n fi aṣọ náà lé mi lọ́wọ́. "Abẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́," ni wọ́n wí, bí ẹni pé n kò mọ̀ ọ́n. "Kì í ṣe láti bò ó." Mo fi sí abẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ. Ẹkún dá.

Wọ́n ti dé ẹnu ọ̀nà kí wọ́n tó tún sọ̀rọ̀.

"Ọjọ́ tí àwọn ìjọba wá, tí mo ní omi lò ń bá wa pọn, inú bí ọ. Mo rí i. Bí mo bá ní ọmọ lò ń tọ́jú, tí o kò sì ní ìwé ẹ̀rí, lọ́jọ́ yẹn gan-an ni wọn ì bá ní kí n lé ọ lọ. Mo ní tó o bá bi mí, màá ṣàlàyé fún ọ." Wọ́n di ilẹ̀kùn mú. "O ò bi mí."

Wọ́n lọ.

Ọ̀kan nínú àwọn ìyá mẹ́ta náà gbé báàgì rẹ̀. "Màdáámù, ṣé ẹ jí i ni?"

"Èmi kọ́ o! Bàbá yìí ló kọ ọ́, èmi ò mọ nǹkan kan." Ó kọjú sí mi. "Kí lo kó mi sí yìí? Ṣé bó o ṣe máa ń ṣe nìyẹn?"

Ẹ ṣàkíyèsí i: mo ti padà di "o".

Mo tẹ́ Kò-sùn-bọ̀rọ̀ sórí ẹní. Mo gun àga, mo ṣí páálí Ọ̀rẹ́ Mi kúrò lára ògiri, wọ́ọ́rọ́wọ́, kí ó má baà ya. Mo mú ìwé tí mo dà kọ lórí tábìlì màdáámù. Mo bọ́ aṣọ Olùtọ́jú Àgbà, mo ká a sílẹ̀ dípò rẹ̀. Kò sí ẹni tó ní kí n dúró.

Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi wà nínú yàrá mi. Ẹnikẹ́ni kò kan ilẹ̀kùn. Mo wo aṣọ ìbora tó wà lórí àga, ó wò mí. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń bínú nínú ara mi pé kò sí ẹni tó ń bi mí léèrè ọ̀rọ̀ ara mi, pé ibo ni ìyàwó mi wà, pé ọmọ mi ńkọ́. Ọdún mẹ́ta yẹn náà ni mo fi jókòó ti Ìyá Jẹ́jẹ́ ní ìrọ̀lẹ́, tí wọ́n ń kọ bí ọmọ ọlọ́mọ ṣe ń sùn, èmi kò sì bi wọ́n rí pé, "Ìyá, ẹ̀yin ńkọ́, ṣé ẹ bímọ?" Ìbéèrè kan ṣoṣo. Ì bá gbà mí, ì bá gba àwọn náà.

Ẹ̀yin tí ẹ dákẹ́ bíi tèmi, tí ẹ ń rò pé ìdákẹ́jẹ́ kì í ṣe ẹnikẹ́ni níbi, ẹ gba èyí lọ́wọ́ mi: ẹ béèrè.

Ní Mọ́ńdè, aago méje àárọ̀ kò tíì lù, ojú ọ̀run ṣú ṣùgbọ́n òjò kò rọ̀. Mo ká aṣọ ìbora, mo fi ìwé àti páálí sí inú rẹ̀, mo lọ kan ilẹ̀kùn Ìyá Jẹ́jẹ́.

Agbẹjọ́rò ló yọjú. Ìyá rẹ̀ kì í pẹ́ mú un wá.

"Bàbá Oorun! Ẹ̀gbọ́n yín ti gbádùn?"

"Mi ò ní ẹ̀gbọ́n."

Ó rò ó. "A jẹ́ pé irọ́ lẹ pa."

"Irọ́ ni mo pa."

"Ẹ dúró níbẹ̀." Ó sáré wọlé. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀, mo gbọ́ ohùn mìíràn, èyí tó lọ sílẹ̀. Ó padà dé. "Ìyá Jẹ́jẹ́ ní a ò gba òṣìṣẹ́ o."

"Mo gbọ́."

"Wọ́n ní kí ni ẹ gbé dání?"

"Nǹkan wọn ni. Bá mi gbé e fún wọn." Ó gbà á, ó pọ̀ ju ọwọ́ rẹ̀ lọ, ó ń wọ́ etí aṣọ ìbora nílẹ̀ lọ.

Ó tún padà. "Wọ́n ní kí n ti ilẹ̀kùn."

"Tì í."

"Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ní kí n tì í." Ó tì í. Ọwọ́ rẹ̀ kò tó òkè, ilẹ̀kùn náà kò pa dé tán.

Mo dúró síbẹ̀. Àgbá omi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tí mo po sìmẹ́ńtì rẹ̀. Mo ṣí i wò. Ó ti gbẹ kanlẹ̀. Garawa méjèèjì wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Mo gbé wọn, mo lọ pọn omi.